Ẹ̀rọ tí Adéṣínà Ṣí Sílẹ̀

Orúkọ rẹ̀ ni Ọlábísí, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì ni gbogbo Okokomáìkò ń pè é. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ ọkọ ló ń pè mí, torí pé àbúrò ọkọ rẹ̀ ni mí. Èmi náà ń pè é ní ìyàwó wa.

Adéṣínà ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Rédíò ló ń tún ṣe, létí títì tó lọ sí Badagry. Inú run ún lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Àìkú a ti sin ín. Ọdún 1994 ni, òjò ń rọ̀. N ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, nílé àwọn tó ń hun aṣọ. Kò pẹ́ nílé ìwé. Àǹtí rẹ̀ kan ló mú un wá sí Èkó, ó sì ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì Navy Town. Ó ní rédíò kékeré kan tó máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì. Ọjọ́ tí rédíò náà dákẹ́, ó gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n mi.

"Fi sílẹ̀, kó o padà wá lọ́la," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Rárá o. Níṣojú mi lẹ máa tú u."

"Olè lo fi mí pè ni?"

"N ò pè yín lólè. Mo fẹ́ rí ohun tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ ni."

Ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀, ó jókòó tì í. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò tíì rí ẹni tó ń wo inú rédíò bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun. Ó fẹ́ ẹ.

Nígbà tó bí ìbejì, ó fi búrẹ́dì sílẹ̀. Ó wá ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ta bátìrì àti kásẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eruku kúrò nínú ẹ̀rọ àwọn oníbàárà. Lẹ́yìn náà ó ń yọ òjé àtijọ́. Lẹ́yìn náà ó gba áyọ̀nù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ òjé láti lẹ wáyà. Àwọn ará àdúgbò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Adéṣínà, ìyàwó ẹ máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ o!"

"Ẹ jẹ́ ó gbà á," ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń wí. "Mo fẹ́ sùn."

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè ka àwòrán wáyà. Ọ̀nà tirẹ̀ ló ń gbà. Ampilifáyà ni ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Èyí tó dáa nínú wọn, ohùn kan ń gba apá òsì jáde, òmíràn ń gba apá ọ̀tún. Ohun tó wà nínú apá kan náà ló wà nínú èkejì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìbejì ni wọ́n. Táyé ni òsì, Kẹ́yìndé ni ọ̀tún. Tó bá ń tún Táyé ṣe, kò ní fọwọ́ kan Kẹ́yìndé rárá. Á máa yọjú wo Kẹ́yìndé kó lè mọ ohun tó yẹ kó wà lára Táyé. Tó bá parí, ohun tó rà fún Táyé ló máa rà fún Kẹ́yìndé. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Bó ṣe ń tọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ nìyẹn. Aṣọ kan náà, bàtà kan náà, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀wà ju èkejì lọ.

Bàbá Kàsúmù ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi rí, ó sì gbé ampilifáyà kan bọ̀ láti Japan nígbà tí èmi ṣì kéré. Ó wúwo bí òkúta. Iwájú rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ pákó. Bàbá náà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tí àwọn ọmọọmọ rẹ̀ bá fọwọ́ kàn án, ariwo máa sọ. Ní oṣù tí ẹ̀gbọ́n mi kú, ẹ̀rọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin, lẹ́yìn náà á kàn dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tú u. Ó ní kapásítọ̀ inú rẹ̀ ti gbó.

Kapásítọ̀ dà bí agolo kékeré. Òun ló ń gba iná mọ́ra, tó ń tú u sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Omi kan wà nínú rẹ̀. Bó bá pẹ́, omi náà á gbẹ, tàbí kí orí rẹ̀ wú kó máa jò, ẹ̀rọ ò sì ní gbádùn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi yọ méjì tó tóbi jù lọ, ó jù wọ́n nù. Ó ní òun á wá tuntun lọ́la. Lọ́la yẹn ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún.

Ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì, ikùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Àwọn àgbà ilé wa ní Ìlaròó ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní bí ọ̀fọ̀ bá ti parí, kí n kó ìyàwó wa àti àwọn ọmọ wá sílé. Wọ́n ní kí ló tún ń wá l'Ékòó. Mo ní ó dáa. Èmi náà fẹ́ kó lọ. Táyà ni mò ń lẹ̀ ní Ìyànà Ìbà, àtìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi sì ti kú, n ò lè gbé ibì kan. Mo lè lẹ táyà kan tán kí n gbàgbé láti fẹ́ ẹ. Awakọ̀ á bú mi. Nígbà míì mo máa rìn dé Ìjànikin, n ò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀, mo máa yí padà. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ló burú jù. Tí mo bá ti ń súnmọ́ ọn, mo máa sọdá sí òdìkejì títì.

Ìyàwó wa parí ọ̀fọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, aṣọ dúdú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo lọ bá a níbẹ̀ láti jíṣẹ́ Ìlaròó. N ò tíì la ẹnu tí Bàbá Kàsúmù fi wọlé. Adéníjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ni Adéníjì ń tún ṣe, lódìkejì títì.

"Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á tù ọ́ nínú," ni Bàbá Kàsúmù wí.

"Àmín, bàbá."

"Ẹ̀rọ mi dà?"

"Òun nìyí, sà."

Ó wo inú rẹ̀. Ojú rẹ̀ fà ro.

Adéníjì ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n gbé e lọ. Kí lobìnrin mọ̀ nínú èyí? Ẹ sì jẹ́ n kó wá síbí, ibi tí mo wà yẹn ti kún jù."

"Bọ̀dá Adéníjì," ni ìyàwó wa wí, "ilẹ̀ tí a fi bo ọkọ mi ò tíì gbẹ."

"Òjò ń rọ̀, ìyàwó wa. Báwo ló ṣe máa gbẹ?"

Mo dìde. Bàbá Kàsúmù na ọ̀pá rẹ̀ dí mi lọ́nà.

"Ìwọ, jókòó. Adéníjì, pa ẹnu ẹ dé." Ó kọjú sí ìyàwó wa. "Ṣọ́ọ̀bù rédíò ni mo fún Adéṣínà. N ò fẹ́ ṣọ́ọ̀bù bátìrì. Tó o bá mú ẹ̀rọ yìí sọ̀rọ̀ kí oṣù yìí tó parí, ìwọ lo ni ibí. Tí ò bá sọ̀rọ̀, Adéníjì á kó wọlé."

"Mo gbọ́, bàbá."

Nígbà tí wọ́n lọ, mo jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

"Ẹ jẹ́ kí oṣù parí ná, ọkọ mi. Ẹ bá mi lọ sí Alábà."

A lọ sí Alábà, ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀rọ. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń gbé ohùn tirẹ̀ sókè, èèyàn ò lè gbọ́ ara rẹ̀. Ọkùnrin Íbò kan fa aṣọ ìyàwó wa.

"Ìyàwó, wá ra níbí! Tuntun ni o! Inú páálí ló ti jáde!"

Ìyàwó wa mú kapásítọ̀ kan. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn wáyà méjì tó yọ nídìí rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ wò ó. Tí kapásítọ̀ bá jẹ́ tuntun, ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń gùn. Wọ́n ti gé ti èyí. Ó ti ṣiṣẹ́ níbòmíì rí." Ó yíjú sí ọkùnrin náà. "Ọ̀gá, arúgbó lẹ wọ̀ láṣọ ìyàwó yìí."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ha! Màdáàmù! Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ọkọ mi ni."

"Òun dà?"

Ọkùnrin náà wo aṣọ dúdú tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀rín náà lọ. Ó tẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó fa páálí mìíràn yọ.

"Mú nínú èyí," ó ní. "Inú èyí ni kó o ti mú."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kéékèèké ló kọ́kọ́ ṣe. Á yọ ọ̀kan lára Táyé, á wo Kẹ́yìndé dáadáa, á fi tuntun sí i, á fi òjé jó o mọ́ ọn. Á tún mú òmíràn. Kò kánjú. Àwọn ìbejì rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń jà lórí bátìrì tó ti kú. Èmi ń wọlé, mò ń jáde.

"Ọkọ mi, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó."

"Ẹ ò jókòó. Ẹ ń mú ọwọ́ mi gbọ̀n."

Mo lọ sí Ìyànà Ìbà. Mo lẹ táyà. Mo padà wá. Ó ṣì tẹ̀ sórí nǹkan kan náà. Adéníjì máa ń yọjú látòdìkejì, á ṣe bí ẹni ń ra omi, á wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti òkè délẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó ń fi ẹsẹ̀ wọn ìbú rẹ̀.

Táyé parí. Kẹ́yìndé parí. Ó wá ku àwọn ńlá méjì tí ẹ̀gbọ́n mi ti yọ. Àwọn yìí ò sí lára Táyé, wọn ò sí lára Kẹ́yìndé. Àárín ni wọ́n ń gbé, àwọn ló ń fún méjèèjì lóúnjẹ. Kò sí èyí tí a lè yọjú wò. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó ti di dúdú ló bo ojú ibẹ̀.

Ìlà funfun kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lára kapásítọ̀. Ibi tí ìlà yẹn kọjú sí ṣe pàtàkì. Tó bá kọjú síbi tí kò yẹ, wàhálà dé. Ìyàwó wa mú ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú èkejì lọ́wọ́ òsì. Ó ń wo ihò tí ẹsẹ̀ wọn máa wọ̀.

"Ẹ ṣe kíá," mo ní. "Oṣù ń lọ."

"Ìbejì làwọn wọ̀nyí náà," ó ní. "A kì í wọ ìbejì láṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀."

Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà funfun méjèèjì kọjú síbì kan náà. Ó fi òjé jó wọn mọ́ ọn. Wọ́n rẹwà. Bí ọmọ méjì tí wọ́n wọ̀ láṣọ fún ìsìn.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ki ẹ̀rọ tó bá tún ṣe sínú iná tààrà. Iná náà á kọ́kọ́ gba inú gílóòbù kan kọjá kó tó dé inú ẹ̀rọ. Tí gílóòbù bá tàn yòò, tó wá rọlẹ̀, àlàáfíà ni. Tó bá tàn yòò, tí ò rọlẹ̀, nǹkan kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń jẹ iná. Ìyàwó wa so gílóòbù mọ́ ọn. Kò síná. A dúró. Mo rìn dé Ìjànikin, mo rìn padà, kò tíì sí. Nígbà tí wọ́n mú iná dé, Adéníjì ti fi èjìká ti ẹnu ọ̀nà.

Ìyàwó wa tì í bọnú iná. Gílóòbù tàn yòò.

A ń wò ó. Kò rọlẹ̀.

"Rọlẹ̀," ni ìyàwó wa ń wí lábẹ́lẹ̀. "Rọlẹ̀, jọ̀ọ́."

Ó na ọwọ́ láti yọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì débẹ̀. Pòó! Ọ̀kan nínú agolo ńlá yẹn bẹ́ lórí. Èéfín bo tábìlì. Òórùn ẹja tó ti rà gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá Ìbejì!" ni Adéníjì kígbe. "Ẹja wo lò ń dín?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sọdá títì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Mo gbé páálí bátìrì. Mo gbé àga.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ó tó. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Ìlaròó."

"Ẹ gbé àga yẹn kalẹ̀."

"Kí lẹ tún ń wá níbí?"

"Ẹ gbé e kalẹ̀, mo ní!" Kò pariwo mọ́ mi báyẹn rí. Ó wò mí. "Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ kí n lọ ni?"

"Mo fẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọjá níbí, mo ń rí i lórí àga yìí."

"Èmi ńkọ́? Ṣé ẹ rò pé èmi kì í rí i? Ibi tí mo ti ń rí i ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi yìí. Kí n lọ jókòó sí Ìlaròó, kí n máa wo ta?"

Mo gbé àga kalẹ̀.

Kò sunkún. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó dúró kí ara ẹ̀rọ náà tutù. Ó yọ agolo méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha gọ́ọ̀mù dúdú yẹn.

"Ọkọ mi kì í fi gọ́ọ̀mù àtijọ́ sílẹ̀," ó ní. "Kì í fi í sílẹ̀. Èmi ni mo kánjú. Ẹ̀yin lẹ sọ mí dà bẹ́ẹ̀, bí ẹ ṣe ń rìn kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn."

Ó ń ha á. Gọ́ọ̀mù ń fọ́ wẹ́wẹ́. Ó dúró. Ó tẹ ojú mọ́ ọn.

"Àgbélébùú," ó ní.

"Kí ni?"

"Ẹ wá wò ó. Àgbélébùú kékeré."

Mo wò ó. Lábẹ́ gọ́ọ̀mù, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti fi àmì bí àgbélébùú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Àmì yẹn ni wọ́n fi ń sọ pé ìlà funfun ò gbọ́dọ̀ wà lápá ibẹ̀. Àgbélébùú àkọ́kọ́ wà lápá kan. Èkejì wà lódìkejì pátápátá. Bí ọ̀kan bá kọjú sí Ìbà, Alábà lèkejì gbọ́dọ̀ kọjú sí.

Ìyàwó wa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. N ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ àtìgbà tá a ti sin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù bà mí.

"Ọkọ mi, èmi tí mo bí wọn! Táyé fi orí wá. Kẹ́yìndé fi ẹsẹ̀ wá, ó fẹ́ẹ̀ pa mí. Kí ló dé tí mo rò pé ibì kan náà ni ìbejì máa ń kọjú sí?"

Ó ní agolo kan ti bẹ́, a nílò òmíràn. Kó tó parí ọ̀rọ̀ mo ti ń sáré lọ sí Alábà. Inú mi dùn pé mo rí ibi tí mò ń lọ.

Nígbà tí mo dé, ó fi wọ́n sí i, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Ó tún ti púlọ́ọ̀gì bọ iná. Gílóòbù tàn yòò. Lẹ́yìn náà ó ń rọlẹ̀, ó ń rọlẹ̀, títí ó fi kù bíi ẹyín iná. Ìyàwó wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Oṣù fẹ́ẹ̀ parí nígbà tí Bàbá Kàsúmù dé. Wọ́n gbé sípíkà rẹ̀ méjèèjì wá láti ilé. Ó gbé àga sáàárín, ó jókòó. Adéníjì wà níbẹ̀, ó ti mú okùn ìwọnlẹ̀ dání. Ìyàwó wa fi kásẹ́ẹ̀tì sí i. Orin jáde. Kò kùn. Kò dákẹ́.

Bàbá Kàsúmù di ojú. Ó gbọ́ orin kan tán. Ó la ojú.

"Ọ̀tún ò lágbára," ó ní.

"Mo sọ ọ́!" ni Adéníjì wí.

Òógùn bo ìyàwó wa. Ó lọ fi etí ti sípíkà ọ̀tún. Ó lọ fi etí ti òsì. Ó tún padà sí ọ̀tún. Ó yíjú wo bàbá náà.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí àga yín padà, kí ẹ kẹ́yìn sí i."

"Kí n kẹ́yìn sí ohun tí mo wá gbọ́?"

"Ẹ ṣàánú mi, sà. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ó kùn, ṣùgbọ́n ó yí àga padà. Ó tún di ojú.

"Báyìí ńkọ́, bàbá?"

"Mo ní ọ̀tún ò lágbára. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yíyí àga."

"Ọwọ́ ọ̀tún yín báyìí, òsì ẹ̀rọ nìyẹn, sà."

Bàbá Kàsúmù wo sípíkà kan, ó wo èkejì. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀ ọ̀tún, ó fi ìka gbá a.

"Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́. "Etí ọ̀tún yìí ni mo máa ń kọ sí ariwo ẹ̀." Ó wo ẹ̀rọ náà. "Àtìgbà wo ni mo ti ń bú ẹ̀rọ yìí..."

Adéníjì wú ikọ́.

"Adéníjì, ṣé o lè tún etí ṣe?"

"Rárá, bàbá."

"Máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ nígbà náà. Ká okùn ẹ yẹn." Ó dìde, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ìyàwó wa. "Ó ti sọ̀rọ̀. Jókòó síbẹ̀."

Ìyàwó wa kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ, tábìlì wá ṣófo. Ó fi aṣọ nù ún. Lẹ́yìn náà ló sunkún. Ó sunkún gan-an. Àwọn ìbejì wá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, n ò wọlé, n ò lọ.

Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ ránṣẹ́ sí Ìlaròó."

"Kí n ní kí ni?"

"Ẹ ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

Mo ránṣẹ́. Àwọn àgbà bínú. Wọ́n ní ká ní ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè, kì bá tí gbà, wọ́n ní èmi ni n ò lẹ́nu láti bá obìnrin sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n wá bá a sọ ọ́ fúnra wọn.

Kò tíì sẹ́ni tó wá.